"Gamboge": àwọ̀ ni, oje igi ni, àbí oògùn? Ẹ bá mi dá sí i

Ògbufọ̀Kékeré

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ń túmọ̀ àpèjúwe àwọn ẹyẹ láti inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ náà ń lọ geere títí mo fi kan ẹyẹ kan tí wọ́n ní etí ìyẹ́ apá rẹ̀ jẹ́ "gamboge yellow". Yẹ́lò yé mi. Gamboge yìí ni mi ò gbọ́ rí.

Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi pè é ní àwọ̀, ó tún pè é ní oje igi, ìlà kẹta wá ní oògùn ìyàgbẹ́ ni. Ẹyẹ wo ló máa gbé oògùn ìyàgbẹ́ sí etí apá?

Ẹ bá mi wò ó: kí ni nǹkan yìí gan-an, báwo ni wọ́n ń pè é lẹ́nu, àti pé tí mo bá kọ "pupa rúsúrúsú" kí n sì kọjá lọ, ṣé mo ti ṣe iṣẹ́ mi?

Alátakò1

Pupa rúsúrúsú tó o. Yẹ́lò ni yẹ́lò. Kọjá lọ kí wọ́n sanwó fún ẹ.

AyàwòránYábàá

Kò tó rárá. Pupa rúsúrúsú yẹn kan náà la fi ń pe lẹ́mọ́ọ̀nù, òun la fi ń pe ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n, òun la sì fi ń pe ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Èwo nínú wọn ló wà létí ìyẹ́ ẹyẹ yẹn?

Àwa tó ń fi ọ̀dà olómi yàwòrán la sábà máa ń pàdé gamboge. Ojúlówó rẹ̀ tí mo fojú ara mi rí, inú agolo mílíìkì ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kó o pamọ́ sí. Tí ẹ bá rí i lóde, ẹ ò ní yà sí i. Ó le gbagidi, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, eruku sì bò ó bí amọ̀ gbígbẹ. Ọ̀gá mi ti búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, ó fi ra ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì fà á sórí bébà funfun. Àwọ̀ tó jáde mọ́lẹ̀ débi pé mo tún padà wo inú agolo bóyá òun náà ni. Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi kí n tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà yẹn.

Ohun tó yẹ kí ògbufọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ nìyí: ó mọ́ gaara, bébà a máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá fi omi là á dáadáa, á sún mọ́ ti lẹ́mọ́ọ̀nù. Tí ẹ bá kùn ún léra wọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sápá ọsàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ayàwòrán ewéko fi fẹ́ràn rẹ̀. Ewé tútù tó wà nínú àwòrán èso ayé ijọ́un, òun ni wọ́n pò mọ́ àwọ̀ aró tí wọ́n ń pè ní Prussian blue. William Hooker (1779 sí 1832), tó ń ya èso fún ẹgbẹ́ àwọn olọ́gbà ní Lọ́ńdọ̀nù, pò ó títí orúkọ rẹ̀ fi mọ́ ọn lára. Hooker's green tó wà nínú páálí ọ̀dà yín lónìí, ibẹ̀ ló ti wá.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò fẹ́ràn oòrùn. Ẹ fi àwòrán náà kọ́ sí ojú fèrèsé, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ṣá.

Ògbufọ̀Kékeré

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Pípè rẹ̀ ńkọ́?

Ará_Peckham

Ìparí ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n máa ń tẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní gam-bóòj. Àwọn mìíràn ń pè é ní gam-búùzh, kí ìparí rẹ̀ dún bíi ti rouge tí àwọn obìnrin ń lé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Méjèèjì wà nínú ìwé, ẹnikẹ́ni ò lè fi yín ṣẹ̀sín.

Orúkọ ìlú ló wà nínú rẹ̀: Kàmbódíà. Àwọn tó ń fi Látìnì kọ̀wé nígbà náà sọ Kàmbódíà di gambogium, ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Carolus Clusius, onímọ̀ ewéko, ti rí èyí tí wọ́n gbé wá láti Ìlà Oòrùn ní 1603.

Mo ń ṣiṣẹ́ nídìí ọ̀dà àwọn ayàwòrán níbí ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì lè sọ bí wọ́n ṣe ń rí i. Igi náà ń hù ní Kàmbódíà, Táílándì àti Fiẹtnám. Wọn kì í fọwọ́ kàn án kó tó pé ọdún mẹ́wàá. Wọ́n á fi ọ̀bẹ há èèpo rẹ̀ yípo, wọ́n á so ọ̀pá oparun mọ́ ọn, oje á máa kán sínú rẹ̀ tó-tó-tó. Ó lè ju ọdún kan lọ kí oparun kan tó kún kí inú rẹ̀ sì le. Wọ́n á wá yan oparun náà níná díẹ̀, wọ́n á là á kúrò, èyí tó kù á rí gbọọrọ bí àbẹ́là. Ìlà ara oparun a máa hàn lára rẹ̀.

Ẹ wá ro ó wò: oparun tó wà nínú igbó fún ọdún kan gbáko, ní ilẹ̀ tí ogun ti jà. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà Winsor & Newton níbí rí ọta ìbọn nínú gamboge tí wọ́n rà láti apá ọ̀hún. Nínú igbó ló ti wọlé, oje sì dì í mọ́nú. Láti 2005 ni wọn ò ti ta ojúlówó rẹ̀ mọ́. Èyí tí ẹ ń rí tí wọ́n kọ "New Gamboge" sí lára, ọwọ́ àwọn oníkẹ́míkà ló ti wá, kò sí oje igi kankan nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ojúlówó ni wọ́n tà fún yín, ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì: NY24 ni àmì ti oje igi.

Alátakò1

Ọta ìbọn nínú yẹ́lò! Ẹ̀yin èèyàn yìí.

ỌmọKétu

Ẹ kú ìjíròrò o. Ní ìhà tiwa ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti fi Faransé kàwé, a kì í gbọ́ orúkọ Kàmbódíà nínú rẹ̀ rárá. Gomme-gutte ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Jámánì náà ní Gummigutt. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló di orúkọ ìlú mú láàárín wọn. Mo sọ èyí nítorí pé bí Ògbufọ̀Kékeré bá ń wá a nínú ìwé Faransé, orúkọ yẹn ni kó wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní rí nǹkan kan.

Kíláàsì físíìsì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kì í ṣe nídìí àwòrán. Jean Perrin, onímọ̀ físíìsì ará Faransé, ló lò ó. Mo fi ẹnu ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn tíṣà.

TíṣàFísíìsì

Ọmọ Kétu, o ti pè mí jáde, ó di dandan kí n jó.

Ní 1827, Robert Brown, onímọ̀ ewéko, fi maikirosíkóòpù wo èérún tó wà nínú ìyẹ̀fun òdòdó tó rì sómi, ó sì rí i pé wọn ò dúró jẹ́ẹ́, wọ́n ń gbọ̀n síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń tì wọ́n. Ní 1905, Einstein fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀: àwọn mólékù omi tí a ò lè fojú rí ló ń gbá wọn láti gbogbo ìhà. Ìyẹn dára lórí ìwé. Ta ló máa lọ wọ̀n ọ́n?

Perrin ní Paris ló wọ̀n ọ́n, láti 1908, gamboge ló sì fi ṣe é. Tí ẹ bá fi ọwọ́ ra gamboge nínú omi bí ẹni ń ra ọṣẹ, omi á pọ́n, á dà rú. Ẹ gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, ẹ ó rí i pé hóró kéékèèké tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù ló kún inú rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọn kì í dọ́gba, ìṣirò rẹ̀ sì fẹ́ hóró tó dọ́gba. Perrin wá ń fi ẹ̀rọ tó ń yí bírí yà wọ́n sọ́tọ̀, ó ń yà wọ́n, ó tún ń yà wọ́n. Kílò kan gamboge ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, hóró tó dọ́gba tó rí kó jọ kò pé gíráàmù kan.

Ó wá dà wọ́n sómi, ó ń ka iye tó dúró sí ìsàlẹ̀ àti iye tó léfòó sókè. Bí ẹ ṣe ń gòkè ni wọ́n ń dín kù, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fúyẹ́ lórí òkè gíga. Láti ibẹ̀ ló ti ṣírò iye mólékù, àwọn tó ń jiyàn pé kò sí átọ́ọ̀mù láyé sì panu mọ́. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1926, òun ni wọ́n fún.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí "grains of gamboge" nínú ìwé físíìsì, kò sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ níbẹ̀ o. Hóró oje igi ni.

Ògbufọ̀Kékeré

Tíṣà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ tún ti dá kún wàhálà mi! Nínú àpò ìwé kan náà, ẹnì kan kọ "two grains of gamboge" nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ìrìn àjò rẹ̀. Ó ní òun gbé e mì. Ṣé hóró méjì ti Perrin náà nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì_Ìbàdàn

Rárá o! "Grain" ibẹ̀, ìwọ̀n àwọn apòògùn ayé àtijọ́ ni. Ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 65. Oògùn ìyàgbẹ́ lẹni náà lò. Àwa náà ní asúnwọ̀n òyìnbó, ẹ mọ bí ìyẹn ṣe ń ṣe ikùn. Ẹ má fi wé gamboge. Ìyẹn le ju ohun tí ara lè gbà lọ, ó ń kó omi ara dànù, bó bá sì pọ̀ jù, ó ń pani.

Kì í ṣe àsọdùn. James Morison kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta hóró oògùn tó ní ó wo gbogbo àìsàn, ewéko lásán ló sì pè é. Gamboge wà nínú rẹ̀. Bí ara ò bá yá, ó ní kí wọ́n fi kún un. Bí ó bá tún le sí i, kí wọ́n tún fi kún un. Àwọn èèyàn ń gbé ogún, ọgbọ̀n hóró mì lóòjọ́. Ní 1836, ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù dá ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a tà á lẹ́bi ikú oníbàárà kan. "Ewéko lásán ni" tí wọ́n ń pariwo nínú mọ́tò láàárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́.

AyàwòránYábàá, ìdí tí ọ̀gá yín fi ní kí ẹ fọwọ́ nìyẹn. Àwọn ayàwòrán tó ń fi ẹnu pọ́n etí búrọ́ọ̀ṣì ló ń jẹ gbèsè rẹ̀ nílé ìyàgbẹ́.

AyàwòránYábàá

Háà! Ọ̀gá ò ṣàlàyé. Ó kàn ní "lọ fọwọ́", mo sì lọ.

Baba_Olóko

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín, torí pé gbogbo yín ti lọ sí Kàmbódíà, ẹ ti lọ sí Paris, ẹ ò yà sẹ́yìnkùlé.

Igbó ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣiṣẹ́. Igi tí ẹ ń sọ yẹn, Garcinia hanburyi ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú ìwé. Èyí tí wọ́n ń gbà ní Íńdíà, Garcinia morella ni. Ẹ wá lọ wo orúkọ ìwé orógbó wa: Garcinia kola. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ fi àdá ṣá igi orógbó lára, ẹ dúró díẹ̀, ẹ ó rí oje tó ń lẹ̀ mọ́wọ́ tó máa sun jáde, tó pọ́n rúsúrúsú. Kò tó ti Kàmbódíà tí wọ́n ń fi kun bébà, kò sì sún jáde tó yẹn, àmọ́ ìdílé kan náà ni.

Ẹ má torí èyí sá fún orógbó níbi ìsọmọlórúkọ o. Oje ara èèpo yàtọ̀ sí èso.

Nọ́ọ̀sì_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo fẹ́ kọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni má lọ há èèpo orógbó sínú àgbo torí ohun tó kà níbí.

Alátakò1

Ó dáa, mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà àwọ̀ tí wọ́n kọ sí i ni E49B0F. Mo ṣí i lórí fóònù mi. Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọsàn! Ó sì ní pupa bí ẹyin nínú. Ẹyẹ wo ló ní apá báyìí? Ẹ sọ fún ọmọbìnrin yìí kó kọ "olómi ọsàn".

AyàwòránYábàá

Mo ti dáhùn rẹ̀ lókè. Èyí tó wà lórí fóònù ẹ, ti ọ̀dà tí wọ́n kùn nípọn ni. Là á lómi, kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó mọ́ gaara kò ṣeé fi nọ́ńbà kan dè.

Olólùfẹ́Ẹyẹ

Ẹ jẹ́ kí n wọlé níbí, torí ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ ẹyẹ.

Àwọn tó ń kọ àpèjúwe ẹyẹ nígbà náà kò ní kámẹ́rà aláwọ̀. Bí ẹnì kan bá kọ "yellow" láti Brazil, ẹni tó ń kà á ní Lọ́ńdọ̀nù ò lè mọ irú èyí tó ní lọ́kàn. Ní 1814, Patrick Syme, ayàwòrán ní Edinburgh, tẹ ìwé kan jáde tó to àwọ̀ sí, ó mú un lọ́wọ́ Werner, onímọ̀ òkúta ará Jámánì. Ẹ̀dà kejì rẹ̀ ní 1821 ní àwọ̀ 110. Syme kun àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú àpótí kékeré lórí bébà, ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ibi tí wọ́n ti lè rí i lára ẹranko, lára ewéko àti lára òkúta. Charles Darwin gbé e lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi Beagle láti 1831 sí 1836, òun ló sì fi ń kọ àwọ̀ ẹja àti ti òkun sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣá.

Gamboge Yellow wà nínú ìwé yẹn. Ohun tí Syme kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìyẹ́ apá ẹyẹ goldfinch àti ẹyẹ kanárì, lẹ́yìn náà jásímínì tó pọ́n rúsúrúsú, àti imí ọjọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ ronú kan kanárì àti imí ọjọ́. Ṣé olómi ọsàn ni? Rárá. Yẹ́lò tó mọ́ kedere ni, tó gbóná díẹ̀ ju lẹ́mọ́ọ̀nù lọ. Lemon Yellow wà lọ́tọ̀ nínú ìwé kan náà, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà.

Nítorí náà, Ògbufọ̀Kékeré, ẹni tó kọ ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ kì í fi èdè ṣe ọ̀ṣọ́. Ìwọ̀n ló ń sọ, bí aláṣọ ṣe ń sọ ọ̀pá. Ó yan èyí, kò yan lẹ́mọ́ọ̀nù, kò yan sáfúrọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ìwé Syme ní gbogbo rẹ̀.

Alátakò1

Fóònù mi ti purọ́ fún mi.

Ará_Peckham

Fóònù ò purọ́, ẹnì kan ló yan nọ́ńbà fún un. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, nígbà tí kò sí fóònù. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé ni kí ẹ fi mọ èyí tó ń sọ.

Ọ̀nà tí èmi fi ń mọ̀ ọ́n nìyí: tí wọ́n bá fi ìwọ̀n síwájú rẹ̀, "an ounce of gamboge", ẹrù ni, ní ṣọ́ọ̀bù apòògùn tàbí ti ọlọ́dà. Tí ẹ bá rí "a wash of gamboge", búrọ́ọ̀ṣì wà nítòsí. Tí "yellow" bá tẹ̀ lé e, tàbí tó dúró fúnra rẹ̀ níwájú òdòdó, ìyẹ́ tàbí aṣọ, àwọ̀ ni. Lóde òní, èyí ìkẹyìn yìí nìkan ló kù lẹ́nu àwọn òǹkọ̀wé, wọ́n sì ń lò ó níwọ̀nba. Ẹni tó bá sọ ọ́ lọ́jà Peckham, wọ́n á ní ṣé oúnjẹ ni.

Ògbufọ̀Kékeré

Ọlọ́run á bùkún fún gbogbo yín. Nísinsìnyí, kíkọ rẹ̀. Mo rò ó pé kí n yá a lò bẹ́ẹ̀, "gambóòjì", kí n ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Baba_Olóko

Ọmọ mi, àwọn ọmọ iléèwé lo ń kọ ọ́ fún. Kí ni wọ́n fẹ́ fi gambóòjì ṣe? Ìyeyè wà. Ìyeyè tó pọ́n, tó já bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ṣì ń dán, kì í ṣe lẹ́mọ́ọ̀nù, kì í sì í ṣe ọsàn. Ọmọ tó bá ti ṣa á rí nísàlẹ̀ igi mọ ohun tí o ń sọ.

Olólùfẹ́Ẹyẹ

Bàbá sọ ọ́ re. Fún àpèjúwe ẹyẹ, mo fara mọ́ ìyeyè, torí ohun kan náà tí Syme ṣe nìyẹn: ó fi ohun tí olùkà mọ̀ tọ́ka. Fún "two grains" ti arìnrìn-àjò yẹn, ìyeyè ò wọ̀ níbẹ̀ láéláé. Kọ "oje gambóòjì, oògùn ìyàgbẹ́ kan" kí ó parí síbẹ̀.

ỌmọKétu

Èmi náà fọwọ́ sí i. Àmọ́ fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé, kí tíṣà tó bá fẹ́ wá a lè rí i.

Ògbufọ̀Kékeré

Ẹ wò ó: "Etí ìyẹ́ apá rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́, ó sì ń kọ mànà."

Olólùfẹ́Ẹyẹ

Yọ "ó sì ń kọ mànà" kúrò. Ìyẹn ò sí níbẹ̀, ìwọ lo fi kún un.

Ògbufọ̀Kékeré

Ó ti kúrò. Ẹyẹ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ "isabelline". Ẹ má tíì lọ sùn o.

Alátakò1

Ó dàárọ̀.